Wọ́tà hítà inú ilé: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi lórí bí ẹ ṣe lè kápá rẹ̀

Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ náà sì máa ń gbé mi dé Ṣàgámù, Ìpẹ̀rù àti Ìkẹ́nnẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ọ̀rọ̀ hítà ló máa ń pọ̀ jù lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́ ni mo kó jọ síbí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà tí a ti fi hítà sí balùwẹ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, yúníìtì tó ń gbé wa lóṣù kan kì í pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́. Lítà 50 ni hítà náà, wáàtì 1500 ni wọ́n kọ sí i lára. Ọkọ mi ní ká yọ ọ́ dànù. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ ọ́, àǹtí mi. Kò bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní omi tó ń bọ̀ láti táńkì òkè jẹ́ digrí 26. Kí lítà 50 tó ti ibẹ̀ gbóná dé 60, yúníìtì méjì ló máa jẹ, ó kàn lè dín díẹ̀. Bí iná bá pé, hítà tiyín á ṣe é láàárín wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́ fún, sí 225 nàírà fún yúníìtì kan. Bí a bá fi ìyẹn ṣe é, 450 nàírà ni omi gbígbóná tó kún táńkì hítà kan. Owó yúníìtì ti yí padà láti ìgbà náà, nítorí náà ẹ fi iye tó wà lórí rìsíìtì tiyín ṣe ìṣirò náà.

Owó yẹn kọ́ ló ń dà yín láàmú. Súwíìṣì tí ẹ kì í pa ni. Omi tó ti gbóná ń tutù díẹ̀díẹ̀ nínú táńkì. Bó bá ti tutù dé ìwọ̀n kan, thermostat, ohun tó ń wọn ooru omi nínú hítà, á tún gbé iná sí i, omi á tún gbóná, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe tọ̀sán-tòru láìsí ẹni tó ń wẹ̀. Ìyẹn nìkan lè jẹ tó yúníìtì kan lójúmọ́, omi tí ẹnikẹ́ni kò fi kan ara. Ẹ tan án ní wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú ìwẹ̀, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó wọ balùwẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, torí fóòmù wà láàárín táńkì àti ara rẹ̀ lóde.

Lára ọ̀pọ̀ hítà, iná pupa kékeré kan wà tó máa ń kú fúnra rẹ̀ bí omi bá ti gbóná tó. Òun ni kí ẹ máa wò. Bó bá ti kú, iṣẹ́ ti parí, ẹ pa súwíìṣì.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo ra tàímà tó ń yí bí aago, mo ṣètò rẹ̀ kó máa tan hítà ní aago márùn-ún ìdájí, kó pa á ní mẹ́fà àbọ̀. Ọjọ́ méjì péré ló fi ṣe dáadáa. Ní báyìí, aago kan ọ̀sán ló ń tan án, nígbà tí gbogbo wa ti jáde nílé. Ní Ṣàgámù ni mo wà.

Ìdáhùn: Iná ọba ló ń yí tàímà yẹn, ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ fún wákàtí mẹ́jọ, àwo inú rẹ̀ á dúró gbagidi fún wákàtí mẹ́jọ. Nígbà tí iná bá dé, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti ibi tó dúró sí. Aago márùn-ún ìdájí tirẹ̀ ti di aago kan ọ̀sán tiyín nìyẹn. Bí wọ́n bá tún mú iná lọ lọ́la, á tún pẹ́ sí i.

Mo bá irú rẹ̀ pàdé nílé kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo ń wo àwo funfun náà bó ṣe ń yọ́ rìn, eyín kéékèèké tó yí i ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 15. Ọfà rẹ̀ tọ́ka sí aago mẹ́ta òru. Oòrùn sì ti wọ ojú fèrèsé balùwẹ̀ náà, ó ń tàn sí mi lọ́rùn. Onílé ti pààrọ̀ thermostat lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé ibẹ̀, owó tí kò yẹ kó ná rárá.

Èyí tó dára fún ilẹ̀ wa ni tàímà onínọ́ńbà tó ní bátìrì nínú, tí aago rẹ̀ kì í dúró bí iná bá lọ. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo ámpù, ìyẹn ìwọ̀n iná, tó lè gbé. Hítà wáàtì 1500 ń fa ámpù 6.5, tàímà ámpù 16 á gbé e tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n wáàtì 3000 ń fa ámpù 13 fún ìgbà pípẹ́, ẹ wá èyí tó tó ámpù 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan ń lo súwíìṣì tí wọ́n ń fi fóònù darí. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣètò rẹ̀ kó wà ní pípa nígbàkigbà tí iná bá lọ tó sì padà dé. Àwọn mìíràn, bí iná bá ti dé báyìí, wọ́n á tan hítà láìjẹ́ pé ẹnì kan rán wọn níṣẹ́. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má jókòó sí Èkó kí ẹ máa tan hítà tó wà ní Ṣàgámù, nígbà tí ẹ kò mọ̀ bóyá omi wà nínú táńkì òkè. Tó bá jẹ́ tèmi, ọwọ́ ni n ó fi máa tan án, lórí súwíìṣì ámpù 20 tó ní iná lójú, tó ń gé wáyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Bí mo bá tan hítà mi lóru, omi á hó bí ti ẹ̀kọ. Bí mo bá tan án ní aago méje alẹ́, á kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni lẹ́yìn wákàtí méjì. Ẹnì kan ní kí n ra élímẹ́ǹtì tuntun, irin inú hítà tó ń mú omi gbóná. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Élímẹ́ǹtì tó bàjẹ́ kò ní mọ òru yàtọ̀ sí alẹ́. Ẹ wo fáànù yín ní aago méje náà, ẹ ó rí i pé kò lè yí dáadáa. Iná kò lágbára ní àsìkò yẹn nítorí gbogbo àdúgbò ló ń fà á. Bí fóòtì, ìyẹn agbára tí iná fi ń wá, bá já láti 230 sí 160, agbára hítà á fi ohun tó ju ìdajì lọ dín kù: wáàtì 1500 á di bíi 730. Ohun tó ń gba wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú á wá gba nǹkan bíi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 45. Ẹ máa tan án ní ìdájí.

Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, kí oníṣẹ́ iná pa bíréékà, kó tú wáyà élímẹ́ǹtì, kó fi mítà ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ti wáàtì 1500 yẹ kó wà ní àyíká ohm 35 (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó). Bí mítà kò bá kà á rárá, ó ti já nìyẹn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ní ilé wa ní Ìpẹ̀rù, bí mo bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi nígbà tí mo ń wẹ̀, ó máa ń ta mí lọ́wọ́ díẹ̀. Bí mo bá wọ sílípáàsì, n kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣé ó léwu?

Ìdáhùn: Ó léwu gan-an, àbúrò mi. Ẹ pa hítà náà báyìí, láti bíréékà, kí ẹnikẹ́ni má sì wẹ̀ níbẹ̀ títí oníṣẹ́ iná yóò fi dé. Kì í ṣe sílípáàsì ló yẹ kó dúró láàárín ẹ̀yin àti ikú.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ara élímẹ́ǹtì á lu, omi á wọ inú rẹ̀, iná á bọ́ sára táńkì, á sì bá páìpù dé ẹ̀rọ omi. Wáyà ẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó gbé iná yẹn wọ ilẹ̀, kí bíréékà lè já. Nítorí náà, bí ó bá ń ta yín, àbùkù méjì ló wà níbẹ̀: élímẹ́ǹtì, àti ẹ́ẹ̀tì tí kò sí. Mo ti tú súwíìṣì hítà kan rí tí mo bá wáyà ẹ́ẹ̀tì, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, tí wọ́n ká a rọ́bọ́tọ́, wọ́n fi téèpù dúdú wé e, wọ́n tì í sẹ́yìn. Mo yí sí ẹ̀yìn ilé. Irin ẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà tó yẹ kó so mọ́ ọn dùbúlẹ̀ sínú koríko, ó ti dípẹtà. Ọmọ mẹ́rin ló ń wẹ̀ nínú ilé yẹn. Ó ká mi lára títí di òní.

Ẹ ní kí wọ́n so ẹ́ẹ̀tì dáadáa, kí wọ́n sì fi bíréékà tó ń já bí iná tó ń jò bá ti tó mílíámpù 30 sí ojú iná hítà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀kan ti tó.

Ìbéèrè: Omi ń kán láti fáàfù kékeré tó wà nísàlẹ̀ hítà bó bá ti ń gbóná. Ṣé kí n dí i?

Ìdáhùn: Ẹ má dí i láéláé. Omi máa ń fẹ̀ bó bá ń gbóná. Lítà 50 tó lọ láti digrí 26 sí 60 á fi ohun tó ju píọ̀ wọ́tà kan lọ pọ̀ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Bí ẹ bá dí ọ̀nà rẹ̀, táńkì lè bẹ́. Bó bá ń kán nígbà tí hítà tutù, ẹ pààrọ̀ fáàfù náà.

Ìbéèrè: Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹbí kún ilé wa nítorí Ojúde Ọba. Ẹni kẹta ló wẹ̀ tí omi gbígbóná tán, a bá fi hítà sílẹ̀ ní títàn. Láàárín òwúrọ̀ yẹn náà ni omi táńkì òkè tán. Láti ọjọ́ náà, hítà kò gbóná mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú àlejò. Lítà 50, bí a bá lú u pọ̀ mọ́ omi tútù, á fún yín ní nǹkan bíi bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 márùn-ún. Bí àlejò bá pọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí gbogbo wọn lò. Ẹni mẹ́ta tó dúró pẹ́ lábẹ́ ṣáwà lè gbá a tán.

Ní ti hítà tó kú: nígbà tí omi òkè tán, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti ṣí ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀ nínú ọgbà. Bí kò bá sí fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, omi inú hítà á gba ọ̀nà tó bá wọlé jáde, élímẹ́ǹtì á sì dúró nínú afẹ́fẹ́ tòun ti iná lára. Ẹ pa bíréékà, ẹ jẹ́ kí omi kún, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná títí omi yóò fi dà láìtutọ́ afẹ́fẹ́. Kí oníṣẹ́ iná wá ṣí ìdérí, bọ́tìnnì kékeré kan wà lára thermostat tó máa ń yọ síta bí ooru bá ti pọ̀ jù. Kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún yọ, kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́, kó yẹ élímẹ́ǹtì wò.

Ìbéèrè: Jẹnẹrétọ̀ kékeré wa ńkọ́, ṣé ó lè gbé e?

Ìdáhùn: Èyí tí kò tó kilowáàtì kan (wáàtì 1000) kò lè gbé hítà wáàtì 1500. Ẹ má dán an wò.

Ìbéèrè: Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọmọ ọdún mẹ́ta sì wà nílé. Digrí mélòó ni kí n gbé hítà sí?

Ìdáhùn: Ẹ gbé e sí 60. Omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, dùn mọ́ kòkòrò kan tó ń jẹ́ Legionella, tó ń fa òtútù àyà, ó sì máa ń tètè mú àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n omi digrí 60 lè bó àwọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ti ọmọdé kò sì ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, inú táńkì nìkan ni 60 ti gbọ́dọ̀ wà. Ẹ kọ́kọ́ bu omi tútù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà, kí ẹ tó da gbígbóná lé e, kí ọmọ tó bá kó sínú rẹ̀ lójijì má bàa jóná. Kí ẹ sì fi ìgúnpá yín wò ó kí ẹ tó pe màmá.