Bí mo ṣe sáfíìsì mọ́tò mi fúnra mi ṣáájú Ojúde Ọba

Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ Ojúde Ọba gan-an ni mọ́tò dá wa dúró lọ́nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, a ò tíì dé Odògbolú. Màámi wà lẹ́yìn nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, gèlè ti wà lórí látàárọ̀, mo rí èéfín funfun tó ń jáde níwájú, dípò kí n dúró mo ní kí n ṣáà rọra máa wà á lọ torí a ti fẹ́ẹ́ dé. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Họ́ọ̀sì ráídétọ̀ ló bẹ́, omi ti tán, ẹ́ńjìnnì ti gbóná kọjá ààlà, gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi dí àárín irin ẹ́ńjìnnì kó má baà jò, jó. Họ́ọ̀sì tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan ló kó mi sí gbèsè oṣù mẹ́ta, èyí tó wá dùn mí jù ni wípé Màámi ò bá àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn jó lọ́jọ́ náà.

Torí ẹ̀ ni lọ́dún yìí, nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo ya Sátidé kan sọ́tọ̀ fún mọ́tò nìkan. Corolla 2005 ni. Mo ra ọ́ìlì 5W-30 gálọ́ọ̀nù kan, ọ́ìlì fítà àti kúláǹtì (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù), mo wá yá sítáńdì irin méjì lọ́wọ́ mẹkáníìkì àdúgbò wa ní Ṣágámù. Baba yẹn ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò lórí jáàkì nìkan o, jáàkì kì í kìlọ̀ kó tó yẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ baba yẹn.

Mo tan ẹ́ńjìnnì bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo pa á, mo jáàkì iwájú sókè, mo fi sítáńdì tì í, mo fi òkúta há táyà ẹ̀yìn. Sìpánà 14 ló tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ̀. Ọ́ìlì tó dà jáde dúdú bí àdí! Mo gbà díẹ̀ sọ́wọ́, mo fi àtàǹpàkò rà á: kò sí irin tó ń dán wínníwínní nínú ẹ̀, kò sì funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, torí tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, omi ti ń wọnú ọ́ìlì nìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo tú fítà, mo wò ó bóyá rọ́bà ti àtijọ́ bá a jáde, torí tó bá kù síbẹ̀ tí ẹ wá de tuntun lé e, ó máa jò ni. Mo fi ọ́ìlì pa rọ́bà tuntun lára, ọwọ́ ni mo fi dè é, kì í ṣe sìpánà. Ẹ́ńjìnnì yẹn ò gbà ju lítà 3.7 lọ, mi ò da gálọ́ọ̀nù náà tán, ọ̀pá géèjì ọ́ìlì ni mo ń wò bí mo ṣe ń dà á. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù náà kì í ṣe nǹkan tó dáa. Èyí tí mo tú dànù, mo rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, mi ò dà á sí gọ́tà.

Ráídétọ̀ ló kàn. Ó ti tutù pátápátá kí n tó ṣí i. Mo ń fọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ẹ̀ le dáadáa, àfi ìgbà tí mo dé ibi kílíìpù, ló bá rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ, ó ti wú, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ti là á. Ẹ̀rù bà mí. Ọdún kan péré, nǹkan tó ṣe wá léṣìí ló tún fẹ́ ṣe yìí o, kò sì tíì jò ẹ̀kán omi kan sílẹ̀! Mo gun ọ̀kadà lọ ra họ́ọ̀sì àti kílíìpù tuntun lójú ẹsẹ̀, mo pààrọ̀ ẹ̀, mo wá da kúláǹtì sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, torí omi lásán máa ń jẹ́ kí inú ráídétọ̀ dógùn-ún.

Bírẹ́kì pádì ṣì nípọn, fánbẹ́lìtì ò sán, omi gbóná ni mo fi fọ ìyẹ̀fun funfun tó wà lórí bátìrì. Ó wá ku táyà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo nu ẹrẹ̀ kúrò, mo ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́bàá lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sára àwọn táyà ẹ̀yìn: 1415. Ọ̀sẹ̀ 14 nínú ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é nìyẹn. Ojú ẹ̀ ṣì jinlẹ̀, tí ẹ bá wò ó lásán ẹ máa ní ó dáa, àmọ́ rọ́bà ti gbó. Mo pààrọ̀ méjèèjì, ó dùn mí nínú àpò, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí táyà bẹ́ lórí ìrìn àgbà, tòun ti òjò oṣù kẹfà. Mo kọ máíléèjì ọjọ́ yẹn sínú ìwé kékeré kan nínú mọ́tò, mo kọ ìgbà tó bá fi 5,000 lé sí i sábẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ ni mo tún máa tú ọ́ìlì.

Ọjọ́ Ojúde Ọba, súnkẹrẹ fàkẹrẹ mú wa bí a ṣe ń wọ Ìjẹ̀bú-Òde, oòrùn ń ran, AC ń ṣiṣẹ́, ojú mi ò kúrò lára géèjì tẹ́ńpírétọ̀, kò sún kọjá àárín rárá. Aago mẹ́wàá ò tíì lù tí Màámi fi sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń tún gèlè ṣe nínú dígí mọ́tò, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹgbẹ́ wa nìyẹn, ìlù wọn ni mò ń gbọ́ yẹn."