Bí mo ṣe pààrọ̀ sàlẹ́ńsà alùpùpù mi nílé, àti nọ́ọ̀tì kan tó gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìpẹtà ti jẹ abẹ́ sàlẹ́ńsà (páìpù èéfín) méjèèjì tó wà lára alùpùpù mi, ihò ibẹ̀ sì ti gba àtàǹpàkò. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Owó iṣẹ́ nìkan tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó sàlẹ́ńsà tuntun méjèèjì. Mo ní kí ló wà nínú iṣẹ́ náà gan-an? Ó ní nọ́ọ̀tì méjì méjì lórí ẹ́ńjìnnì, bóòtù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Mẹ́fà péré! Mo yí alùpùpù mi padà lójú ẹsẹ̀, mo ní màá ṣe é fúnra mi.

Mo sì ṣe é. Àmọ́ iṣẹ́ tí mo pè ní ti ọ̀sán kan di ti ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí ni pé inú ni sàlẹ́ńsà náà ti jẹ wá síta. Gbogbo ìgbà ni mo ń fọ ìta rẹ̀, tí mò ń nù ún gbẹ. Mi ò mọ̀ pé inú gan-an lomi wà. Lítà epo kan tó bá jó tán nínú ẹ́ńjìnnì máa ń mú omi tó tó nǹkan bíi lítà kan jáde pẹ̀lú èéfín. Tí ìrìn bá jìn, sàlẹ́ńsà á gbóná, omi á bá èéfín lọ. Tí ìrìn bá kúrú, omi á sẹ̀ síbẹ̀, á máa jẹ irin. Ìrìn kúkúrú ni tèmi lójoojúmọ́.

Apá ọ̀tún ò tó ohun tí èèyàn ń ròyìn. Mo tú mẹ́ta, mo fà á, ó jáde, kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Apá òsì ni wàhálà wà. Nọ́ọ̀tì kìíní tẹ̀lé sípánà 12 wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì ò mì rárá. Òun àti sítọ́ọ̀dù, ọ̀pá irin tó yọ látinú ẹ́ńjìnnì tí nọ́ọ̀tì ń wé mọ́, ti dípẹtà di ẹyọ kan. Mo fín WD-40, ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà, sí i, mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, mo ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó yí. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá ti kán bóòtù rí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: kó tó kán, ó máa ń kọ́kọ́ rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn bí ìda. Lẹ́yìn náà ló dún "ká!" Sítọ́ọ̀dù ló kán, nọ́ọ̀tì ò yí.

Èyí tó kù níta ò ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ. Fáìsì gíríìpù, ẹ̀mú tó ń di nǹkan mú pinpin, ń yọ̀ lára rẹ̀, ó wulẹ̀ ń há a di roboto ni. Ẹni tó dè é kẹ́yìn ti fún un kọjá ààlà, kò sì fi gírísì kankan sí tírẹ́ẹ̀dì, ìlà wíwé ara rẹ̀. Ohun tí kò gbà á ní ìṣẹ́jú kan ni mo wá ń jìyà rẹ̀.

Lálẹ́ ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó ń jórin. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò lè fi dírììlì lù ú jáde ni?" Ó ní, "Àbúrò, gbé e sílẹ̀. Irin líle ni sítọ́ọ̀dù, alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì, ó rọ̀. Dírììlì á yà síbi tó rọ̀, orí ẹ́ńjìnnì lo máa wá rà." Ọ̀tunla ló ráyè wá. Gbogbo ọjọ́ kejì, mò ń wo alùpùpù, òun náà ń wò mí.

Kó tó tan iná, ó ní kí n tú okùn bátìrì, kí n sì gbé táńkì epo lọ síbi tó jìnnà. Ó fi nọ́ọ̀tì tuntun lé kùkùté sítọ́ọ̀dù náà, ó jó inú ihò rẹ̀ títí ó fi kún. Mo ti na ọwọ́ sí sípánà, ó gbá a kúrò. Ó dúró kí pípọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ kú, ó wá fi àbẹ́là kan etí ibi tí sítọ́ọ̀dù ti wọlé. Ìda yọ́, ó fà wọ inú tírẹ́ẹ̀dì bí omi ṣe ń wọ iyanrìn. Ó yí i díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn, kò fi agbára ṣe é. Ó kọ́kọ́ dún kín-ín, kín-ín, lẹ́yìn náà ló dákẹ́, tó ń bá ọwọ́ lọ. Tí iná bá ra alumíníọ̀mù, ó máa ń wú tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Ìyẹn ló jẹ́ kí ihò náà tú u sílẹ̀. Tírẹ́ẹ̀dì inú ẹ́ńjìnnì ò bàjẹ́ rárá.

Mo rò pé ó ti parí. Mo yẹ ojú ihò èéfín wò láti fi gásíkẹ́ẹ̀tì (òrùka tó ń dí ojú ibẹ̀) tuntun sí i, mo bá méjì níbẹ̀! Èyí tó ti pẹ́ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ débi pé ó dà bí ara ẹ́ńjìnnì. Ẹni kan kàn fi òmíràn lé e lórí. Ibẹ̀ ò dí dáadáa. Abájọ tí alùpùpù náà fi máa ń dún bí ìbọn nígbàkígbà tí mo bá jọ̀wọ́ ọwọ́ epo tí mò ń yí láti fi sáré. Sàlẹ́ńsà tuntun náà ò sì bá gásíkẹ́ẹ̀tì wá, mo tún jáde lọ rà á. Ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì, sítọ́ọ̀dù àti nọ́ọ̀tì lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ra sàlẹ́ńsà, kí ẹ sì ti máa fín ọ́ìlì sí nọ́ọ̀tì láti ọjọ́ méjì ṣáájú.

Dídè é padà rọrùn. Mo fi gírísì oníbàbà pa tírẹ́ẹ̀dì, mo kọ́ gbogbo rẹ̀ sókè láìfún un, mo fún ti orí ẹ́ńjìnnì, mo tó wá fún bóòtù ẹ̀yìn. Mo fi akísà nu gbogbo ìtẹ̀ka kúrò, torí ooru á jó o mọ́ ara irin ni. Ìta gbangba ni mo ti tan ẹ́ńjìnnì náà. Kò sóòrùn lára afẹ́fẹ́ tó ń pani nínú èéfín yẹn.

Ó dún kíkẹ́, ó dọ́gba lápá méjèèjì. Mo jọ̀wọ́ ọwọ́ epo lójijì, kò dún bí ìbọn mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó ti tutù, mo tún fi sípánà kan nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Méjì apá òsì ṣì gba díẹ̀ sí i.