Ẹni tó bá ní ọ̀fẹ́ ni ọ̀wẹ̀, kó wá bá mi ṣírò owó

Láti ìgbà tí a ti kó gàrí wọ Ìbàdàn ni àwọn èèyàn ti ń kí mi kú oríire. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ò tiẹ̀ san owó lébìrà, àwọn èèyàn ló bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bí mi nínú tí mo fi jókòó kọ èyí. Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀? Owó tí mo ná sórí oúnjẹ, omi inú ọ̀rá, ọkọ̀ àti ìbọ̀wọ́ lọ́jọ́ tí a fa ẹ̀gẹ́ nìkan, ká ní mo fi gba lébìrà ni, wọn ì bá ti fà á tán, wọn ì bá sì tún bá mi ro apá kejì oko. Ìyẹn ò tíì kan ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ oníẹ̀rọ.

Oko bàbá wa wà lójú ọ̀nà Erúwà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Bàbá ti dàgbà, ẹ̀yìn ò jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, Ìbàdàn sì ni àwa ọmọ ń gbé. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà, ní Massachusetts, ló mú àbá wá. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ará àdúgbò máa ń sanwó fún àgbẹ̀ kó tó gbin nǹkan. Tí ìkórè bá dé, kálukú á wá gba ìpín tirẹ̀. Bí òjò bá kọ̀, gbogbo wọn ni wọ́n jọ máa jẹ ìyà rẹ̀. Ọdún 1986 ni àwọn oko kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ní Massachusetts àti ní New Hampshire, àwọn ará Japan sì ti ń ṣe irú rẹ̀ kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá, ẹ̀rín ni wọ́n rín. "Kí ló wá jẹ́ tuntun níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe àárò àti èésú ni wọ́n pa pọ̀ yẹn?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìjọ wa, àwọn alábàágbé àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ ìyàwó mi dá owó ìpín sílẹ̀. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kíkọ àti igi ẹ̀gẹ́ rírà dí yín lọ́wọ́, ẹni tó bá ti dáko rí ti mọ ìyẹn. Irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TME 419 la gbìn, nítorí òró ló máa ń ga lọ, kì í yọ ẹ̀ka rẹpẹtẹ, àrùn tó máa ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí tirẹ̀ ṣe. Mítà kan sí mítà kan la fi gbìn ín síra wọn, èyí tó máa ń gba nǹkan bí 4,000 ìdí ẹ̀gẹ́ lórí éékà kan. Ibi tí mo ti ń yan fanda ni ti koríko. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ àti àwọn àgùnbánirọ̀ tí wọ́n fi sí agbègbè yẹn ló fi ọkọ́ ro ó, títí ewé ẹ̀gẹ́ fi borí ilẹ̀, a ò fi oògùn apakoríko kan án. Ká ní ẹ rí oko yẹn ní oṣù Kẹjọ ni, ẹ̀yin náà á dúró wò ó.

Àmọ́ ẹni tó pe ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ ọlọ́wẹ̀. Bàbá ní láyé àwọn, àmàlà láfún, ọbẹ̀ ilá àti akèrègbè ẹ̀mu ti tó, ẹni tó bá jẹun tán á tún kọrin lọ sílé. Ẹ wá wo tiwa. Ẹnìkan kì í jẹ láfún, ẹnìkan ò fẹ́ ata, ẹnìkan ń béèrè bóyá málíkì tútù wà. Ìrẹsì la wá ń sè. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023 sì rèé, ọkọ̀ tó ń gbé wọn láti Ìbàdàn lọ sí Erúwà tó ń gbé wọn padà, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé fọ́tò ni wọ́n bá wa, wọ́n á di ọkọ́ mú, wọ́n á yà á tán, ọkọ́ á sì padà sílẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Àwọn tó kù ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn.

Ibi tí wàhálà ti wá gan-an ni ẹ̀rọ.

Ẹ̀gẹ́ tí kò tíì kúrò nínú ebè lè dúró dè ẹ́ fún oṣù púpọ̀. Èyí tí o bá ti fà, kò lójú àánú: ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó ti ń bàjẹ́ nínú. Nítorí náà ni mo ṣe lọ bá oníẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ládùúgbò yẹn ṣáájú. Mo san àsansílẹ̀. Mo sọ ọjọ́ fún un, mo sọ bí ẹ̀gẹ́ náà ṣe máa pọ̀ tó. Ó gbá àyà, ó ní ẹ̀rọ òun kì í ṣàárẹ̀, pé òun tiẹ̀ ti ra dísù sílẹ̀ dè mí. Nígbà tó ku ọ̀la, mo tún pè é lórí fóònù. "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà, ẹ ṣáà máa fà á."

A fà á. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀, àwọn ọmọ náà sì ń bá ara wọn dá a bí ìjàkadì. Ẹni yìí á gbá igi mú nídìí, á mì ín sọ́tùn-ún sósì, ìdí ẹ̀gẹ́ á wá pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀, wọ́n á hó yèè. Kí ọ̀sán tó pọ́n, mọ́tò ti ń kó o dà sí ẹnu ọ̀nà ilé gàrí, àwọn ìyá sì ti jókòó yí i ká pẹ̀lú ọ̀bẹ, wọ́n ń bó o. Inú mi dùn débi pé mo ń pe Bàbá lórí fóònù kí wọ́n gbọ́ ariwo.

Oníẹ̀rọ ò sí níbẹ̀. Mo pè é, ó ní òun ń bọ̀. Mo tún pè é, ó ní òun ti dé ìtòsí. Ìgbà tí oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn ló tó yọ lórí ọ̀kadà, tó lọ ṣí ìbòrí ẹ̀rọ sókè, tó fi ọwọ́ yí i, tó mirí. Ó ní bíárì, irin tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí, ti fọ́. Bí ẹni pé ìṣojú wa níbẹ̀ ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Ọmọdébìnrin kan tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló dá a lóhùn: "Ṣebí ó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ ọjà?" Ojú tí ọkùnrin yẹn fi wo ọmọ náà, mi ò lè gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó mọ̀! Ó mọ̀, ó sì ní ká máa fà á.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi ni, mẹkáníìkì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń ta bíárì náà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ iṣẹ́ oníẹ̀rọ wọ ọkọ̀ lọ sí Gate n'Ìbàdàn, ó sì ra bíárì tí kò bá ẹ̀rọ náà mu wá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń lọ ra bíárì tí kò mú èyí tó fọ́ dání? Mo sáré lọ sí Láńlátẹ̀, ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àpò ẹ̀gẹ́ àwọn onílé tò gẹẹrẹ níwájú rẹ̀, ọjà ọlọ́jà ń bọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ yẹ̀ fún àlejò láti Ìbàdàn. Mo padà dé, mo fi àdá gé ọ̀kan nínú ẹ̀gẹ́ wa láàárín méjì. Ìlà tín-ín-tín-ín aláwọ̀ aró ti yọ yí inú rẹ̀ ká, lábẹ́ èèpo. Mo gé òmíràn. Bákan náà. Mo jù ú sílẹ̀, mi ò gé kankan mọ́.

Ìyá tó jẹ́ olórí àwọn ayangàrí ló yọ wá. Wọ́n ti ń wò mí bí mo ṣe ń pariwo sórí fóònù, wọ́n wá ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé gàrí nìkan ni ẹ̀gẹ́ ń dà ni?" Láfún ò nílò ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́. Èyí tí a ti bó, omi ni. A yá dúrọ́ọ̀mù, a yá bàsíà, a yá ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se oúnjẹ òkú, a rẹ ẹ̀gẹ́ sínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tó rọ̀ tán tó sì ń rùn bó ṣe yẹ kó rùn, wọ́n fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n kó o lọ sá sórí àpáta. Àpáta ò wọ́n ní Ìbàràpá, oòrùn á gbóná òkè, òkúta á gbóná ìsàlẹ̀, ó ń yá gbẹ. Àmọ́ òjò tó rọ ilẹ̀ fún wa lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ náà ló tún ń sú lọ́sàn-án, gbogbo wa á sáré gòkè, a ó kó o wọlé, a ó tún kó o jáde.

"Gbogbo wa" tí mo sì ń sọ yìí, ẹ wo ẹni tó kù. Àwọn ọlọ́wẹ̀ ti padà síbi iṣẹ́ wọn láti ọjọ́ Ajé. Mi ò bínú sí wọn, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fún mi. Àwọn ìyá tí mo ń sanwó fún ló kù, àti èmi, àti ìyàwó mi tó tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni owó tí mo rò pé mo fi ọ̀wẹ̀ pamọ́ gbà lọ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ òkìtì tí a kò tètè bó, ẹran ọ̀sìn ló jẹ ẹ́, wọn ò sì jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà pàpà jí, a rin èyí tó ṣì dára. Wọ́n dì í sápò, wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, wọ́n jẹ́ kó kan dáadáa, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n yan án. Mi ò ní purọ́, gàrí yẹn ṣe ojú mi. Ó gbẹ, ó ń dún kúrúkúrú lẹ́nu, ó kan débi tí ẹlẹ́nu Ìjẹ̀bú kò fi ní wá àléébù sí i. Kìkì pé kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn onípìn-ín wa ò mọ̀ pé nínú ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù kan, gàrí tó máa jáde kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Fọ́tò òkìtì ẹ̀gẹ́ ni wọ́n rí, wọ́n wá ń retí òkìtì gàrí.

Ariwo tó wá tẹ̀lé láfún, ẹ̀yin ẹ fojú inú wò ó. Ará Ìbàdàn tó ń fojú sọ́nà fún gàrí, tó sì jẹ́ pé àmàlà dúdú ló mọ̀, o gbé láfún funfun fún un. "Láfún kẹ̀? Èmi ò ba yín sọ láfún." Bàbá kan tiẹ̀ ní kí n dá owó òun padà. Mo ní kí wọ́n ka ìwé tí a jọ fọwọ́ sí: ìpín nínú ohun tí oko bá mú wá ni wọ́n rà, kì í ṣe kóńgò gàrí. Ìyàwó mi ló fi dandan lé e pé ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó wà láàárín wọn ò wí nǹkan kan ní tiwọn, àfi pé wọ́n ń béèrè bóyá ó kù.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dún kí igi ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo tó mì. Ẹ má pe èrò rẹpẹtẹ lọ́jọ́ kan náà. Èèyàn díẹ̀ tó ń wá ní Sátidé díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fa ìwọ̀nba tí àwọn tó ń bó o lè bó tán kí ilẹ̀ tó ṣú, sàn ju ogunlọ́gọ̀ tó ń hó yèè lọ. Oúnjẹ ibi tí oko wà ni kí ẹ sè, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó kúrò nílé. Ní ti yíyan gàrí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sanwó fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ọlọ́wẹ̀ tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan gàrí jó àpò odindi kan mọ́ agbada lójú mi, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín.

Apá kan ẹ̀gẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Àsansílẹ̀ mi náà ṣì wà lọ́wọ́ oníẹ̀rọ, ó ní kí n jẹ́ kí òun fi rin èyí tó kù yẹn. Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n etí ara mi ni n ó fi gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà, n ó dúró tì í títí yóò fi rin apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn tán, kí n tó ránṣẹ́ sóko pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.