Òbúkọ kọ́, aràn ni
Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń bú òbúkọ mi ní Mọ́níyà pé kò mọṣẹ́. Abo mẹ́rin, kò sí èyí tó lóyún. Ọjọ́ tí mo fa ìpéǹpéjú wọn wálẹ̀ wò, inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ! Dókítà ẹran yẹ ìgbẹ́ wọn wò: ẹyin aràn kún un. Ó ní Haemonchus tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn ni. Mo kúkú ń fún wọn lóògùn aràn, àmọ́ ojú lásán ni mo fi ń díwọ̀n wọn, kò sì tó. A gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, a fún oníkálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀. N kì í dà wọ́n jẹko mọ́ kí ìrì tó gbẹ, torí ọmọ aràn a máa gun koríko tútù. Mẹ́ta ti lóyún báyìí. Òbúkọ, má bínú o.