Bí a ṣe ń mọ̀ pé ìdì koríko ti gbẹ tó láti kó pamọ́

Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń sin ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ní Èkìtì ti ń gé koríko sílẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn báyìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Tó bá di oṣù kejì ọdún, tí iná ti jó igbó láti Ọ̀tùn dé Ìkọ̀lé, ẹni tó ní koríko nílé lọkàn rẹ̀ máa balẹ̀. Omi ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Òjò wa kì í tètè kásẹ̀ nílẹ̀, ìrì àárọ̀ sì máa ń pọ̀. Koríko tí a bá dì nígbà tí omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀ á bu, á gbóná, ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣáná sí i.

Oríkèé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, pàápàá lára èèsún àti koríko gínì. Ewé lè ti gbẹ táútáú kí omi ṣì wà nínú pòròpórò. Ẹ fi èékánná ha oríkèé kan. Bí ó bá tutù lábẹ́ èékánná, tí àwọ̀ ewé ṣì hàn níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó tún rí oòrùn. Bí ẹ bá lọ́ ìkúnwọ́ kan tí pòròpórò rẹ̀ sì ṣẹ́, ó kù díẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé ìwọ̀n jáde.

Ìwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò ti tó, èyí tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ẹ bu díẹ̀díẹ̀ níbi bíi mẹ́wàá, ẹ má fo abẹ́ igi tí oòrùn kì í tètè dé. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ gé e kéékèèké, ẹ wọn 100 gíráàmù láìka ìwúwo abọ́ mọ́ ọn. Ẹ dà á sínú páànù gbígbẹ lórí iná èédú tó rọlẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Bí ó bá ń dúdú, ẹ dà á nù kí ẹ mú òmíràn, nítorí ohun tó jóná ti pàdánù ju omi lọ, ìṣirò yín ò sì ní tọ̀nà mọ́. Ẹni tó ní maikirowéèfù lè fi í sí i fún ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà kó máa fi ìdajì ìṣẹ́jú kún un, pẹ̀lú ife omi kan nínú rẹ̀ kó má baà gbiná. Ẹ máa wọ̀n ọ́n, ẹ máa dá a padà, títí ìwúwo rẹ̀ ò fi ní dín mọ́.

Bí 100 gíráàmù bá di 83, omi tó wà níbẹ̀ jẹ́ 17%. Bí 80 lẹ fi bẹ̀rẹ̀ tó di 60, 20 ló lọ. Ẹ fi 80 pín 20, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 100: 25% nìyẹn. Ìwúwo àkọ́kọ́ la fi ń pín o, kì í ṣe ti ìkẹyìn.

Ìdì kékeré tí a fi àpótí pákó dì lè gba 18%. Ìdì ńlá tí ẹ̀rọ dì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ooru kì í ráyè jáde nínú rẹ̀, torí náà kí tiẹ̀ má ju 15% sí 16% lọ. Tó bá ti kọjá 20%, èmi ò ní kó o wọlé.

Fún èyí tí wọ́n ti dì, tàbí tí ẹ rà, ẹ má gbára lé ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àkàrà tí iná líle sáré dín ló rí: ẹ̀yìn ti jinná, inú ṣì tutù. Ẹ tú ìdì kan nínú mẹ́wàá, kí ẹ bu ti àárín rẹ̀ sínú páànù. Ẹ̀rọ onírin gígùn wà tí wọ́n ń kì bọ inú ìdì tó sì ń ka omi rẹ̀. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìdì ṣe le sí àti ìrì máa ń yí iye tó ń kà padà, nítorí náà ẹ fi páànù yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ki ẹ̀rọ náà bọ ibi púpọ̀, kí ẹ sì fi iye tó ga jù ṣe ìpinnu. Ibi kan ṣoṣo tó tutù lè mú gbogbo òkìtì gbóná.

Ẹ to ìdì lórí pákó, kó jìnnà sí ògiri, lábẹ́ páànù òrùlé tí kò jò. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ máa fi tẹmómítà tó gùn wo ooru àárín rẹ̀. Tó bá tó 50°C, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Tó bá ń súnmọ́ 65°C, ẹ tètè tú òkìtì náà ká síta kó tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá tó 80°C, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe àwọn panápaná, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá wọlé lójijì lè sọ ọ́ di iná.

Ìdì tó bá tutù jù, tí kò tíì bu, ẹ tú u sá lọ́sàn-án tí oòrùn mú, tàbí kí ẹ fún ẹran jẹ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Èyí tó ti ní ìyẹ̀fun funfun tàbí òórùn ìkàsì, ẹ bo imú yín kí ẹ tó gbé e, ẹ má sì fún ẹran jẹ, pàápàá èyí tó lóyún. Ẹ dà á sí ààtàn kó di ajílẹ̀.