Bí Mo Ṣe Ka Èsì Ìbò Wọ́ọ̀dù Wa Láti Ibùdó Ìdìbò Kan sí Èkejì

Àríyànjiyàn kan tó bẹ́ sílẹ̀ nídìí ìwé ìròyìn ní Ọláìyá, níhìn-ín ní Òṣogbo, ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn yìí. Àwa tí a máa ń dúró ka ìwé ìròyìn níbẹ̀ láràárọ̀ kì í ṣe òṣèlú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú wa, oníṣòwò wà, awakọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ ìṣèlú ìpínlẹ̀ yìí kò ká lára. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ tún padà sórí ìbò gómìnà ti ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022. Àwọn kan ní ìbò àpọ̀jù wà nínú rẹ̀, àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Nígbà tí mo béèrè ẹni tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìwé èsì ibùdó ìdìbò kan ṣoṣo nínú 3,763 tó wà ní Ọ̀ṣun, kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Èmi tí mo béèrè kò tíì rí i rí.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Kò yẹ kí ará Ọ̀ṣun fi ojú kékeré wo ibùdó ìdìbò kan. Nínú ìbò gómìnà ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ìbò 353 péré ni PDP fi ṣáájú APC. Nígbà tí wọ́n tún ìbò dì ní ibùdó méje lọ́jọ́ 27 oṣù náà, APC ló fi ìbò 482 borí. Mo pinnu pé n ó ka gbogbo èsì ìbò ọdún 2022 ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń dìbò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo, láìgbára lé ẹnu ẹnikẹ́ni.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, kó àwọn ìwé èsì náà sí, níbi tí wọ́n ń pè ní IReV, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 2020. Mo fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀, mo yan ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti wọ́ọ̀dù, àwọn ibùdó ìdìbò sì tò sílẹ̀ níwájú mi. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún wọn. 29 tó ṣáájú dúró fún Ọ̀ṣun, èyí tó tẹ̀ lé e dúró fún ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́ọ̀dù, kí ó tó kan ibùdó fúnra rẹ̀. Mo ra ìwé àjákọ kan, mo fi rúlà fa ìlà sí i fún iye tó forúkọ sílẹ̀, iye tí BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìka àti ojú olùdìbò wò kó tó dìbò, ṣe àyẹ̀wò fún, ìbò PDP, ìbò APC, ìbò àwọn ẹgbẹ́ yòókù, ìbò tí wọ́n kọ̀, àti àpapọ̀.

Fọ́ọ̀mù EC8A ni orúkọ ìwé tí wọ́n ń kọ èsì sí ní ibùdó ìdìbò. Òṣìṣẹ́ tó ṣe olórí ibùdó ló ń fi ẹ̀rọ BVAS ya àwòrán rẹ̀. Ẹlòmíràn ya tirẹ̀ ní ìdàbùú, òmíràn ní òjìji ọwọ́ ẹni tó yà á lórí. Mo dojú fóònù dé títí ọrùn fi ń dùn mí. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ń kọ ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀. Níbì kan, n kò mọ̀ bóyá 11 ni mo ń wò tàbí 17, nítorí pé gègé ti tàn síwájú lórí nọ́ńbà kejì. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ pé mẹ́tàdínlógún ni. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń kà kí n tó wo nọ́ńbà.

Abala 51 òfin ìdìbò ọdún 2022 sọ pé bí ìbò tí wọ́n dì ní ibùdó kan bá ju iye àwọn tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún lọ, kí wọ́n fagi lé èsì ibẹ̀. Ìyẹn ni ìbò àpọ̀jù, òun sì ni mo ń wá ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ibùdó kẹrin, àyà mi já, nítorí pé àpapọ̀ tèmi ju iye àyẹ̀wò lọ. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rí àṣìṣe mi. Ìlà àpapọ̀ bébà ìdìbò tí wọ́n lò ni mo mú, bẹ́ẹ̀ ìbò tí wọ́n kọ̀ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì tún fi í kún un. Bí mo bá ti sáré lọ sí Ọláìyá lálẹ́ ọjọ́ náà, irọ́ ni n bá lọ pa fún àwọn àgbàlagbà.

Àṣìṣe yìí ló mú mi padà sórí ẹjọ́ tí gbogbo wa tẹ̀ lé. INEC kéde ìbò 403,371 fún Adémọ́lá Adélékè ti PDP àti 375,027 fún Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC, Oyètọ́lá sì pẹjọ́. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2023, méjì nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta tó gbọ́ ẹjọ́ ìbò náà ní Òṣogbo sọ pé ìbò àpọ̀jù wà ní ibùdó 744. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, ó ku 290,266 fún Adélékè àti 314,931 fún Oyètọ́lá. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní oṣù Kẹta, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fara mọ́ ti kòtẹ́milọ́rùn lọ́jọ́ 9 oṣù Karùn-ún, Adélékè ló sì borí. Ibi tí wọ́n ti mú iye àyẹ̀wò wá ni ìjà náà dá lé. Àkọsílẹ̀ tó ti orí sáfà INEC, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà wọn, wá ni Oyètọ́lá gbára lé, àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga náà sì sọ pé ẹ̀rọ BVAS fúnra rẹ̀ àti ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ló yẹ kí wọ́n gbé wá. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé àjákọ mi pé àkọsílẹ̀ ẹni tó ń wo àwòrán ni, kì í ṣe ẹ̀rí ilé-ẹjọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi parí rẹ̀. Ibùdó kan ṣoṣo ló kù tí ìlà iye àyẹ̀wò rẹ̀ ṣú pátápátá nínú àwòrán, n kò sì fẹ́ méfò. Mo rántí pé ìyá kan ládùúgbò wa ṣe aṣojú ẹgbẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbò náà. Mo kí wọn, mo ṣàlàyé ohun tí mo ń wá. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì mú ẹ̀dà ìwé èsì aláwọ̀ osùn tí wọ́n fún wọn lọ́jọ́ náà jáde láti inú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí pẹ̀lú ìwé ilé. Ìwé náà ti ṣá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ ṣì hàn.

“Bọ́sí ìta kí o rí i dáadáa,” ni wọ́n wí.

Mo dúró sínú oòrùn, mo ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, ìyá sì ń tẹ̀ lé e lẹ́nu bí mo ṣe ń kà á. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí àlàfo tó kù, mo dá ìwé náà padà fún wọn, wọ́n sì tún un dì sínú ọ̀rá.