Bí ẹ ṣe lè kọ́ ìjọ ní "iṣẹ́ ti ara" láì sọ ara di ẹlẹ́ṣẹ̀

Wákàtí kan tó fún ẹ̀kọ́ yìí. Gálátíà 5:16–26 ni kí ẹ dúró lé. Ẹ má to ẹsẹ Bíbélì rẹpẹtẹ jọ, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ náà ti máa ń dàrú.

Kí ẹnì kan ka ẹsẹ 19 sí 21 sókè, kí ẹ máa kọ ọ́ sójú pátákó bó ṣe ń kà á: panṣágà, ìbọ̀rìṣà, ìjà, ìlara, asọ̀, ìmutípara, títí dópin. Ẹ wá fàlà sídìí èyí tí èèyàn ò lè ṣe láìlo ẹ̀yà ara. Àgbèrè á bọ́ síbẹ̀, ọtí náà á bọ́ síbẹ̀. Ìlara ńkọ́? Ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tí kò lè gbápá, ṣì lè máa ṣe ìlara ẹni tó wá kí i. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, sọ irú ẹ̀ láyé ọjọ́un: Sátánì ò lẹ́ran ara, síbẹ̀ ìgbéraga àti ìlara kún inú rẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú 20 síbí yìí.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ṣàlàyé pé ara tí Pọ́ọ̀lù ń bá wí ni èèyàn tó gbójú lé agbára ara rẹ̀, tí kò gbà kí Ẹ̀mí darí òun. Ẹ ṣí Gálátíà 3:3. Ìkọlà àti òfin ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn, iṣẹ́ ẹ̀sìn pọ́ńbélé, Pọ́ọ̀lù sì pè é ní ti ara.

Níbòmíràn tí ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ náà "ara" nínú Bíbélì, ẹ wo ohun tí ẹsẹ náà fi kọjú sí i tàbí tó fi í wé. Bó bá jẹ́ Ẹ̀mí, ìwà ẹ̀ṣẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ koríko tó ń rọ, bíi ti Àìsáyà 40:6, àìlera ọmọ èèyàn ni. Jòhánù 1:14 ní Ọ̀rọ̀ náà di ara, èyí tí kò ní ṣeé gbọ́ sétí bí ara bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Róòmù 8:3 lọ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹnì kan á sáà béèrè nípa ààwẹ̀ láti fi pa ara. Ààwẹ̀ dára fún àdúrà, ṣùgbọ́n Kólósè 2:23 ní ìfìyàjẹ ara kò lè ká ìfẹ́ ara lọ́wọ́ kò. Èèyàn lè gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kó ṣì máa yan ìyá ọkọ rẹ̀ lódì. Ẹ má sì ti aláboyún tàbí alátọ̀gbẹ sí ààwẹ̀.

Ẹ fi Gálátíà 5:22 àti 23, níbi tí èso Ẹ̀mí wà, parí ẹ̀kọ́ náà, kí oníkálukú mú èso kan níbẹ̀ tí yóò lò fún ẹni tí òun ń bá ṣasọ̀ lọ́wọ́.